Ọjọ́-Orí àti Ìṣàn Ẹ̀jẹ̀ inú Ọpọlọ Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ bá Dínkù: Ìtàn Àríyànjiyàn Kan láàárín Àwọn Onímọ̀ Ìṣègùn

Ìfáárà

Bí àgbàlagbà kan bá dìde lójijì lórí ibùsùn, tí òòyì kọ́ ọ, tí ó sì ṣubú, ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ máa ń sọ ni pé ogbó ti dé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀, ohun kan náà ni wọn yóò sọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn òyìnbó pàápàá kò sọ ju èyí lọ. Kìkì pé èdè ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Èrò wọn ni pé bí ènìyàn bá ṣe ń dàgbà ni iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń le sí i, tí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ sí ọpọlọ rẹ̀ ń dínkù, tí ọpọlọ náà sì ń pàdánù agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èrò yìí rọrùn láti gbà, nítorí pé ó bá ohun tí ojú ń rí mu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọ̀nà láti wọn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ènìyàn alààyè ti dé ní 1945, èrò náà kò rí ibi fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa mọ́.

Ipasẹ̀ àríyànjiyàn yìí ni pépà yìí tọ̀. Ìbéèrè méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn onímọ̀ sì pò mọ́ ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Èkíní ni pé, ṣé ẹ̀jẹ̀ tí ń ṣàn nínú ọpọlọ àgbà kéré sí ti ọ̀dọ́? Èkejì ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ bá dínkù lójijì, ta ni yóò kọ́kọ́ dé etí bèbè, kí ni yóò sì gbé e débẹ̀? Ìdáhùn sí ìbéèrè kejì kò sí nínú ìdáhùn sí èkíní. Pípò tí wọ́n pò wọ́n pọ̀ ni ó jẹ́ kí wọ́n di ẹrù ẹlẹ́rù lé ọjọ́-orí lórí, kò sì mọ sí inú ìwé nìkan: ó kan ìtọ́jú tí wọ́n fún àwọn arúgbó, àti èyí tí wọ́n fi dù wọ́n.

Kí ó tó di 1945

Ojúbọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́. Egungun ni ó bo ọpọlọ, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣí agbárí alààyè kí ó lè wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Alexander Monro, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Edinburgh, kọ ọ́ ní 1783 pé agbárí dà bí àpótí líle, àti pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣeé fún pọ̀. Nítorí náà, iye ẹ̀jẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò lè yí padà lọ títí. George Kellie ti èrò yìí lẹ́yìn ní 1824. Èrò náà lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó rò pé ó yẹ kí a béèrè bóyá ìṣàn ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ń pọ̀ tàbí ó ń dínkù. Wọ́n gbàgbé pé iye omi tí ó wà nínú odò àti iye omi tí ó ń kọjá nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Angelo Mosso, ará Ítálì, rí ọ̀nà àbáyọ kan. Ó rí àwọn aláìsàn tí agbárí wọn ti fọ́ tí ihò sì wà níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀rọ kọ bí ọpọlọ wọn ṣe ń lù sílẹ̀. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1880, ó ròyìn àgbẹ̀ kan tí ọpọlọ rẹ̀ lù kíkankíkan nígbà tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún tí ó sì rántí àdúrà tí ó yẹ kí ó gbà. Ní 1890, Roy àti Sherrington ní Cambridge sọ pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó ń pe ẹ̀jẹ̀ wá: bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀, ohun tí iṣẹ́ náà ń tú sílẹ̀ yóò mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fẹ̀. Leonard Hill ta kò wọ́n ní 1896. Lójú tirẹ̀, ibi tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara bá lọ ni ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ń tẹ̀ lé. Hill ni ó borí fún ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbájáde èrò rẹ̀ ṣe pàtàkì fún ohun tí ó ń bọ̀, nítorí pé bí ọpọlọ kò bá ní agbára kankan lórí ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, a jẹ́ pé ìfúnpá gíga nìkan ni ó lè ti ẹ̀jẹ̀ gba inú iṣan tí ó ti le kọjá.

Nínú gbogbo èyí, ọjọ́-orí kò tíì di kókó. Ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọmọ tuntun ni ó ti kọ́kọ́ yọjú. Robert Boyle ti ṣàkíyèsí ní 1670 pé ọmọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí máa ń pẹ́ kí ó tó kú nínú ohun èlò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ju bí ẹranko àgbà ṣe ń pẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ láìní àlàyé títí di nǹkan bí 1940, nígbà tí Herman Kabat fi hàn pé ọmọ ajá tuntun lè fara da dídá ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ dúró ju ajá àgbà lọ lọ́nà tí ó yani lẹ́nu. Ní ọdún kejì, Fazekas, Alexander àti Himwich, ní Albany, gbé ọmọ eku sínú gáàsì tí kò ní ọ́síjìn rárá: èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà láàyè fún nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú, èyí tí ó ti dàgbà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Himwich ṣàlàyé rẹ̀ pé ọpọlọ ọmọ tuntun kò tíì ń jẹ ọ́síjìn púpọ̀, àti pé ó lè rí agbára fà jáde láti inú ṣúgà láìlo ọ́síjìn. Nígbà tí wọ́n fi májèlé dí ọ̀nà ṣúgà yìí, ọmọ eku náà kò lè pẹ́ mọ́.

Àṣìṣe kan wọlé níbí. Láti orí eku tuntun àti eku àgbà, ó rọrùn láti fa ìlà gbọọrọ kan: ọmọdé lágbára jù, àgbà tẹ̀ lé e, arúgbó ni ó gbẹ̀yìn. Kò sí arúgbó kankan nínú ìwádìí wọ̀nyí. Kò sì sí nínú ìwádìí tí Rossen, Kabat àti Anderson tẹ̀ jáde ní 1943, níbi tí wọ́n ti fi ọ̀já tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àwọn ènìyàn lójijì. Wọ́n dákú láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún sí mẹ́wàá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n, yàtọ̀ sí àwọn aláìsàn ọpọlọ díẹ̀ tí ó wà láàárín wọn, àwọn tí ó ṣòro láti gbà pé wọ́n lè fi òye kíkún yọ̀ǹda ara wọn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iye ìṣẹ́jú àáyá yìí ni ó wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí iye ti ọmọ ènìyàn lápapọ̀.

Ìwọ̀n Kety

Seymour Kety àti Carl Schmidt, ní Yunifásítì Pennsylvania, ni ó yanjú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Wọ́n mú kí ènìyàn mí gáàsì nitrous oxide díẹ̀, irú èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n sì ń gba ẹ̀jẹ̀ lára iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn, àti lára iṣan tí ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti inú ọpọlọ, lábẹ́ agbárí. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò le. Bí ẹnì kan bá mọ iye iṣu tí ó wà nínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ó ń wọ ọjà, tí ó mọ iye tí ó kù nínú rẹ̀ nígbà tí ó ń jáde, tí ó sì mọ iye iṣu tí ọjà gbà lápapọ̀, yóò mọ iye ọkọ̀ tí ó kọjá láìdúró lójú ọ̀nà kà wọ́n. Ní 1948, wọ́n kéde ìwọ̀n àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin 14 tí ara wọn le: mìlílítà ẹ̀jẹ̀ 54 fún 100 gíráàmù ọpọlọ ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú mìlílítà ọ́síjìn 3.3.

Láti ìgbà náà lọ, iṣẹ́ rẹpẹtẹ jáde. Kennedy àti Sokoloff (1957) yí ọ̀nà náà padà díẹ̀ kí ó lè bá ọmọdé mu, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn ọmọ tí wọn kò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, ẹ̀jẹ̀ náà tó mìlílítà 106, ọ́síjìn sì jẹ́ 5.2. Ìyẹn ni pé ọpọlọ ọmọ ọdún mẹ́fà ń gba ẹ̀jẹ̀ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ẹni ogún ọdún. Níbí ni ìlà gbọọrọ tí wọ́n fà láti orí eku ti já. Ọmọ tuntun kò béèrè púpọ̀. Ọmọ tí ó ń sáré kiri, tí ó ń kọ́ èdè, ń béèrè ju gbogbo ènìyàn lọ. Ohun tí Himwich rí kì í ṣe òfin ọjọ́-orí, bí kò ṣe ti ìgbà kúkúrú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé.

Ní apá kejì, ìyẹn ní ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó, Kety kó ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ oríṣiríṣi ti ṣe jọ ní 1956. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ àti ọ́síjìn ń wálẹ̀ kíákíá láti ìgbà ọmọdé títí dé ìgbà ìbàlágà, lẹ́yìn náà wọ́n ń wálẹ̀ jẹ́jẹ́ títí di ọjọ́ ogbó. Ó dà bí ẹni pé èrò àtijọ́ ti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ibi tí wọ́n ti rí àwọn arúgbó náà. Ilé ìwòsàn àti ilé ìtọ́jú ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Ẹni tí ó bá lọ ka iye ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ ní ilé mẹkáníìkì kò lè fi ìyẹn sọ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn lójú títì.

Etí Bèbè

Ìwádìí tí ó ṣe kókó jù lọ nínú ìtàn yìí kì í ṣe èyí tí ó gbajúmọ̀ jù. Finnerty, Witkin àti Fazekas ni ó ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954. Wọ́n fi oògùn hexamethonium sọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kalẹ̀, wọ́n sì gbé orí tábìlì tí wọ́n dùbúlẹ̀ lé sókè, títí ọpọlọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì hàn pé ẹ̀jẹ̀ kò tó: yíyán ẹnu, mímí kanlẹ̀, ojú tí ó ń wò láìrí nǹkan, ọ̀rọ̀ tí kò já geere mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn ìṣàn ẹ̀jẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń dínkù, ọpọlọ kò kọ́kọ́ dín ohun tí ó ń jẹ kù. Ọ́síjìn tí ó pọ̀ sí i ni ó ń fà yọ nínú ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí ìyálé ilé tí owó oúnjẹ rẹ̀ dínkù ṣe máa ń fọ́ egungun ẹran kí ó lè rí mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ìgbà tí kò sí ohun tí ó kù láti fà yọ mọ́ ni àmì ń yọjú, èyí sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wá sí nǹkan bí mìlílítà 31. Iye yìí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Ohun tí ó yàtọ̀ gidigidi ni ìfúnpá tí ó gbé wọn débẹ̀. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kò ga tẹ́lẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ jìnnà kí ó tó débẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru débẹ̀ nígbà tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì ga lójú ẹni tí ń wò ó.

Bí a bá wò ó dáadáa, ìwádìí yìí ti ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀. Etí bèbè ò ní ọjọ́-orí. Ààyè tí ó wà láàárín ibi tí ènìyàn dúró sí àti etí bèbè náà ni ó yàtọ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń pinnu rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé kò sí ẹni tí ó tètè kà á bẹ́ẹ̀.

Àwọn Ọkùnrin 47

Kety ti di olùdarí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní Bethesda, láti 1951. Ibẹ̀ ni Birren, Butler, Greenhouse, Sokoloff àti Yarrow ti ṣe ìwádìí tí ó jáde ní ìwé ní 1963. Wọn kò lọ wá arúgbó ní ilé ìwòsàn. Wọ́n wá àwọn ọkùnrin 47 tí ń gbé ilé wọn láàárín ìlú, tí ọjọ́-orí wọn wà láàárín 65 àti 91, tí ara wọn sì le. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì: 27 tí kò ní àìsàn kankan tí ó ṣe pàtàkì, àti 20 tí àmì àrùn díẹ̀, pàápàá iṣan líle, wà lára wọn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn fúnra wọn kò mọ̀ ọ́n lára.

Nínú àwọn 27, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ àti ọ́síjìn tí ó ń lò kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi wọ́n wé. Nínú àwọn tí iṣan wọn ti le, ẹ̀jẹ̀ ti dínkù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn kò tíì dínkù: ọpọlọ wọn ti ń fọ́ egungun ní tirẹ̀, láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ó hàn gbangba pé irú àwọn wọ̀nyí ni ìdínkù díẹ̀ sí i, bíi dídìde lójijì tàbí ìgbẹ́ gbuuru tí ó fa omi ara gbẹ, lè yára tì dé bèbè. Butler, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe ìwádìí náà, ni ó padà dá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sílẹ̀ ní 1969 fún ìwà kíkóra àti rírẹ arúgbó sílẹ̀ nítorí ọjọ́-orí rẹ̀.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán bí ọpọlọ ṣe ń lo ọ́síjìn dé, Leenders àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1990) wọn àwọn tí ara wọn le, wọ́n sì rí i pé ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ń dínkù ní nǹkan bí ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Meltzer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (2000) sì dá wọn lóhùn pé ọpọlọ àgbà máa ń sún kì díẹ̀, omi sì máa ń gba àyè rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ka àyè omi mọ́ ọpọlọ, ìwọ̀n yóò kéré ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n yọ èyí kúrò, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan mọ́. Àwọn tí ó tẹ̀ lé Leenders kò gbà tán. Èyíówù kí ó jẹ́, ìdínkù tí wọ́n ń jà lé lórí yìí kò sún mọ́ èyí tí ó lè gbé ọpọlọ dé mìlílítà 31.

Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ìbẹ̀rù Àwọn Oníṣègùn

Niels Lassen, ará Dẹ́ńmáàkì, ni ó fi òpin sí èrò Hill ní 1959. Ó to ìwọ̀n oríṣiríṣi pọ̀, ó sì fi hàn pé láàárín ààlà kan, bí ìfúnpá bá lọ sókè tàbí sódò, ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ dúró sójú kan, nítorí pé iṣan rẹ̀ ń fẹ̀ tàbí kí ó sún kì láti fi bá a dọ́gba. Strandgaard, ní Copenhagen bákan náà, wá ìsàlẹ̀ ààlà yìí rí nínú ènìyàn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1976. Nínú àwọn tí ìfúnpá wọn kò ga, ìfúnpá àárín tí ọpọlọ kò ti lè dáàbò bo ara rẹ̀ mọ́ jẹ́ 73. Nínú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn le tí wọn kò sì gba ìtọ́jú, ó jẹ́ 113. Nínú àwọn tí wọ́n ti tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ti padà sí 96.

Iye kẹta yìí ni ó yẹ kí ó ti yí ọ̀pọ̀ nǹkan padà. Láti ìgbà tí Paul Dudley White ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1931 pé ó ṣeé ṣe kí ìfúnpá gíga jẹ́ ọ̀nà tí ara fi ń ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ti gbà pé arúgbó nílò ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀: bí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀, ebi yóò pa ọpọlọ. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí. Bí wọ́n bá sọ ìfúnpá kalẹ̀ lójijì, ẹni tí ààlà rẹ̀ wà ní 113 yóò ṣubú, gẹ́gẹ́ bí àwọn ènìyàn Finnerty ti fi hàn. Ìdí kan náà sì ni Wollner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ (1979) tún fi kìlọ̀ nípa àwọn arúgbó tí iṣan ọpọlọ wọn kò lè bá ìfúnpá tí ó wálẹ̀ dọ́gba mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí 96 ń sọ ni pé bí wọ́n bá ń sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, iṣan lè kọ́ ìwà àtijọ́ padà. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ti àgbà sísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ọ̀tọ̀ ni kí ó dì í lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀.

Ní ọ̀nà kejì, Hachinski, Lassen àti Marshall (1974) kọlu ìdajì èrò àtijọ́ tí ó kù. Wọ́n ní ìwọ̀nba ni iyè ríra tí iṣan líle ń fà ní tààrà nípa fífi ebi pa ọpọlọ díẹ̀díẹ̀. Níbi tí iṣan bá ti lọ́wọ́ sí i, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ibì kan ń kú nínú ọpọlọ lónìí, ibòmíràn ń kú lọ́la, títí wọn yóò fi pọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé oògùn tí wọ́n ń tà fún arúgbó láti fi fẹ iṣan ọpọlọ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Dídènà àrùn rọpárọsẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ní ọdún wọ̀nyí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ orúkọ àwọn tí rọpárọsẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ní Ìbàdàn sílẹ̀, láti 1973 sí 1975, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 1979. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára wọn jù lọ.

Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ìtọ́jú tó tẹ̀ lé ìmọ̀. Ọdún 1991 ni ìwádìí SHEP ní Amẹ́ríkà tó fi hàn, láàárín àwọn ènìyàn 4,736 tí wọ́n ti pé 60 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé sísọ ìfúnpá òkè kalẹ̀ dín rọpárọsẹ̀ kù ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn èyí pàápàá, wọ́n ṣì ń sọ pé ó yẹ kí a dá àwọn tí ó ti kọjá 80 sí. Ìwádìí HYVET ni ó wò ó, nínú àwọn ènìyàn 3,845 ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Wọ́n lo oògùn díẹ̀díẹ̀, wọn kò sì lé ìfúnpá náà jìnnà jù. Ní 2007 wọ́n dá a dúró kí àkókò rẹ̀ tó pé, nítorí pé àwọn tí kò gba oògùn gidi ń kú ju àwọn tí ó gbà á lọ. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, ikú láti ìdí gbogbo ti fi ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù láàárín àwọn tí wọ́n tọ́jú, ẹni tí ó sì kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọgọ́rin ọdún.